Ìbọ̀wọ́ Kan Náà

"Ṣé àwa ò gbàdúrà ni?"

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Ìyá Tíṣà ti bi mí ní ìbéèrè yìí, mi ò sì tíì dá a lóhùn. Bí mo bá wà lórí ọ̀kadà láti Ọ̀láìyá lọ sí Alẹ́kúwodò, ó wà lọ́kàn mi. Bí mo bá jókòó ti oúnjẹ, òun náà á jókòó tì mí. Kò pariwo nígbà tó bi mí, kò sì sunkún. Ó gbé abọ́ ìrẹsì dání, ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ Màmá mi ni. Ó lé lọ́dún méjì tí Màmá ti ń ṣe dàyálísíìsì, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ló ń bá kíndìnrín wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àyẹ̀wò fi hàn pé ipasẹ̀ kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C (hepatitis C, àrùn ẹ̀dọ̀) wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Bàbá Tíṣà náà, ọkọ Ìyá Tíṣà, ẹni tí àga tiwọn àti ti Màmá jọ fara kanra. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù ńlá kan kí wọ́n lè wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ipasẹ̀ rẹ̀ nìkan. Èsì Màmá dé: kò sí. Èsì Bàbá dé: ó wà, ó sì pọ̀. Dókítà ní ká má tíì yọ̀, ká dúró. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọ́n tún un ṣe, bákan náà ló rí. Ara Màmá ti lé kòkòrò náà lọ láìlo oògùn kankan.

Màmá jó lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni tí kò ní àìsàn kíndìnrín. Pásítọ̀ pa òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé Ọlọ́run ló ń bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin. Ìjọ hó yèè. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ìyá Tíṣà lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, nínú ankara tí òun náà rà nítorí tiwa, ó ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ń pín oúnjẹ ló wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà omi tó bi mí ní ohun tó bi mí.

Lẹ́tà kan ṣoṣo

Fóònù ni mò ń tún ṣe l'Ọ́jà Ọba, mi ò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti lo ọdún méjì nídìí ẹ̀rọ, tipátipá ni yóò di ọmọ ilé-ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lóru nítorí ìbéèrè yẹn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé Màmá kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Nínú ènìyàn 100 tí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C bá wọ̀ lára, nǹkan bí 30 ni ara wọn máa ń lé e dànù láàárín oṣù mẹ́fà. Onígbàgbọ́ wà nínú wọn, mùsùlùmí wà nínú wọn, ẹni tí kò gba ohunkóhun gbọ́ wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ náà ni àwọn 70 tó kù.

Ní 2009 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ibi tí apá kan ìyàtọ̀ yìí fara pamọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní IL28B. Jíìnì yẹn ló ń kọ́ ara bí yóò ṣe pèsè ọ̀kan lára àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ta ẹgbẹ́ rẹ̀ lólobó pé olè ti wọlé. Nínú nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà tí a fi kọ ènìyàn, lẹ́tà kan wà nítòsí ibẹ̀ tí kò rí bákan náà lára gbogbo wa: C ni tàbí T. Ẹni tó gba C lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba C lọ́dọ̀ ìyá, ara rẹ̀ máa ń rí kòkòrò náà lé ju ti ẹni tó gba T méjì lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ AA àti AS tí a máa ń bi ara wa kí wọ́n tó lọ mọ̀ mí n mọ̀ ọ́, ó ti mọ èyí náà.

Ibi tó dùn mí ni pé lẹ́tà C yìí pọ̀ jù lára àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ó mọ níwọ̀n lára àwọn òyìnbó, ó sì kéré jù lára àwa tí a ti Áfíríkà wá. Ìka ò dọ́gba, ṣùgbọ́n ó máa ń ká ènìyàn lára tó bá jẹ́ ìka tirẹ̀ ló kúrú.

Ní 2013, ọ̀rọ̀ tún bẹ́yìn yọ. Wọ́n rí jíìnì mìíràn níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní IFNL4. Ara àwọn kan lè pèsè ohun tí jíìnì yìí ń kọ́ni, ara àwọn mìíràn kò lè pèsè rẹ̀ torí pé àkọsílẹ̀ náà ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu: àwọn tí tiwọn bàjẹ́ ló ń tètè bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà. Àwọn tí tiwọn ń ṣiṣẹ́ ló ń bá a gbé. Ní ìsọ̀ mi, bí nǹkan bá bàjẹ́ lórí pátákó fóònù, fóònù á kú ni. Ara ènìyàn kì í ṣe fóònù.

Àwọn jíìnì HLA náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti mọ orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń wò ó bóyá kíndìnrín ẹnìkan á bá ara ẹlòmíràn mu, nígbà tí a ń rò ó pé kí n yọ ọ̀kan nínú tèmi fún Màmá. (Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Iṣẹ́ tiwọn ni láti pàtẹ ègé kòkòrò sí ìta sẹ́ẹ̀lì, bí ọlọ́jà ṣe ń pàtẹ, kí àwọn ọmọ ogun ara lè rí i, kí wọ́n mọ ilé tí ọ̀tá wà. Àwọn irú HLA kan, bíi B27 àti B57, máa ń wà lára àwọn tó ń rí kòkòrò náà lé. Ibi tí kòkòrò kò lè tètè yí padà ni wọ́n ń nà jáde.

Bí mo ṣe ń kà á lọ ni mo já lu àwa fúnra wa. Nínú iṣẹ́ àkọsílẹ̀ jíìnì tí wọ́n pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ènìyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lò káàkiri àgbáyé. Àwọn 90 nínú wọn, Yorùbá ni, láti Ìbàdàn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ. Títí dòní, YRI ni àmì wa nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ní 2010 sì ni wọ́n kéde pé ìyípadà méjì kan nínú jíìnì APOL1, tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín wa, ń gbèjà ara lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Àmọ́ ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, tó tún jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ. Eṣinṣin náà tún rèé. Ohun tó kó baba ńlá ẹni yọ lè padà wá gbé ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Kò sẹ́ni tó yẹ jíìnì Màmá wò o, tàbí ti Bàbá. Ṣùgbọ́n ó ti tó fún mi láti fi dáhùn. Mo lè lọ bá Ìyá Tíṣà nílé wọn, kí n ní, "Mọ́mì, ẹ gbàdúrà. Lẹ́tà inú ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe àdúrà." Òótọ́ lè wà nínú ìdáhùn yẹn, ó sì lè tù wọ́n nínú. Síbẹ̀ mi ò lọ, torí mo mọ nǹkan kan tí Ìyá kò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tí iná ṣẹ́jú

Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tiwa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni dókítà ń fẹ́, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ni owó gbà. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ẹni tó ti dé irú rẹ̀ rí mọ bó ṣe ń rí: àga tó ṣeé na ẹsẹ̀ lé, òórùn bílíìṣì, rọ́bà méjì tó pupa láti apá lọ sínú ẹ̀rọ, láti inú ẹ̀rọ padà sí apá. Nígbà tí wákàtí bá pé, nọ́ọ̀sì á fa abẹ́rẹ́ yọ, á fi òwú tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Ó máa ń pẹ́, torí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ti wà lára.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú ọdún tó kọjá, iná ṣẹ́jú. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, gbogbo ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í han lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, ẹnìkan ló wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa abẹ́rẹ́ Bàbá Tíṣà yọ ni, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ òwú mọ́ apá wọn. Ẹ̀jẹ̀ ti mu òwú náà dé ìta, ó ti kan ìka méjì ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín. Ẹ̀rọ Màmá ni igbe rẹ̀ pọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì ní kí Bàbá fi ọwọ́ kejì bá òun di òwú náà mú, ó yíjú, ó na ọwọ́ kan náà, ó fi ìka kan náà tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ Màmá. Ariwo dá. Ó wá rí i pé rọ́bà ti fẹ́ ká lọ́wọ́, ó tún un ṣe lápá Màmá, ní ìdí abẹ́rẹ́ gan-an. Ó padà sọ́dọ̀ Bàbá.

Kò ju ìgbà tí ènìyàn á fi ka ení, èjì dé ẹ̀wá lọ. Àmì pupa kékeré wà lójú bọ́tìnnì. Mo wò ó.

Mo la ẹnu. Òwe tí bàbá mi fẹ́ràn jù nígbà ayé wọn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì yìí ló mọ iṣan Màmá jù níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń gún un tó máa ń bọ́ sí i, nígbà tí àwọn yòókù ń wá a kiri bí ẹni ń gbẹ́ iṣu. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró. Kí ni èmi tó ń tún fóònù ṣe fẹ́ kọ́ ọ?

Ohun tó ti ẹnu mi jáde ni, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

Ó ní, "Ẹ ṣé o jàre."

Mo fi bébà pẹlẹbẹ nu bọ́tìnnì nígbà tó kúrò níbẹ̀. Bébà gbígbẹ.

Mi ò lè búra pé ọjọ́ yẹn ni. Mi ò mọ ẹni tó ti ọ̀dọ̀ ẹnikejì kó o, tàbí bóyá ọ̀dọ̀ ẹnìkẹta ni àwọn méjèèjì ti kó o. A yẹ Màmá wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò ní i. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n máa tún un wò, àmọ́ ó ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó tún gba ẹ̀jẹ̀ fún un. Iye tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń jìyà kò sì ta wá lólobó, torí ó máa ń lọ sílẹ̀ lára àwọn tó ń ṣe dàyálísíìsì, tí ẹ̀dọ̀ ì báà tiẹ̀ máa dùn wọ́n. Ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu pé ara Màmá rí i lé. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín kò kó jáde máa ń sọ ọmọ ogun ara di ọ̀lẹ, débi pé ìlọ́po méjì abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ni wọ́n ń fún irú wọn.

"Ẹ gbé wọn lọ sí kọ̀rọ̀"

Nígbà tí èsì Bàbá jáde, ìròyìn kò pẹ́ tàn. Àwọn ẹbí aláìsàn kan kó ara wọn jọ, wọ́n ní kí wọ́n gbé Bàbá lọ sí kọ̀rọ̀, kí wọ́n ya ẹ̀rọ sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn. Ẹlòmíràn mú ọ̀rá wá láti ilé tó fi ń bo àga kí ìyá rẹ̀ tó jókòó. Bàbá fi ogójì ọdún dín díẹ̀ kọ́ni ní ìṣirò. Wọ́n wá di ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ júwe.

Ohun tí mo kà yàtọ̀. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ni wọ́n ń ya ẹ̀rọ àti yàrá sọ́tọ̀ fún. Ní ti C, ìlànà tí àwọn oníṣègùn kíndìnrín àgbáyé ń tẹ̀ lé kò sọ pé kí a ya ẹ̀rọ sọ́tọ̀, torí ẹ̀rọ kọ́ ló sábà ń gbé e. Ọwọ́ ni. Ìbọ̀wọ́ tí a kò pààrọ̀ ni. Ìgò oògùn kan tí a ń fa fún ènìyàn púpọ̀ ni, àti bọ́tìnnì àti tábìlì tí a kò nù. Ẹ gbé Bàbá lọ sí Ẹdẹ, bí ọwọ́ kan náà bá ń lọ láti apá kan sí ekejì, kòkòrò á rìn.

Òwe pásítọ̀ kò tán sí ibi tí a parí rẹ̀ sí. Ọlọ́run ló ń lé eṣinṣin, mo gbà. Ta ló ń wò ó pé ibo ni eṣinṣin ti ń wá? Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí orí gbè àti ẹni tí orí kò gbè. Orí lè sọ ìdí tí kòkòrò fi kúrò lára Màmá. Kò lè sọ ìdí tó fi débẹ̀. Èmi tí mo lè sọ èyí tó ṣẹ́ kù, "ẹ kú iṣẹ́" ni mo sọ.

"AA ni ọkọ mi"

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé, ó ní genotype kìíní ni. Ìyá Tíṣà dá a lóhùn kíá pé, "Rárá o, AA ni ọkọ mi." Dókítà ní kì í ṣe genotype Bàbá ni òun ń wí, ti kòkòrò náà ni, torí òun náà ní ẹ̀yà ìran. Ìyá ní, "Kòkòrò náà tún ní genotype?" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

Láyé abẹ́rẹ́ interferon, tí wọ́n fi ń jí ọmọ ogun ara dìde sí kòkòrò náà, lẹ́tà C àti T yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀sẹ̀ 24 tàbí 48 ni wọ́n fi ń gún un, ara á máa gbóná bí ibà, ẹni tó ní T méjì sì lè jìyà gbogbo rẹ̀ kí kòkòrò má lọ. Oògùn oníhóró tó dé láti 2013 ló yí i padà. Kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dojú kọ, wọn kì í dúró de ọmọ ogun ara kó tó jí. Ó ju 95 lọ nínú 100 tó ń bọ́ pátápátá, láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Fún ìgbà díẹ̀, wọn kò fẹ́ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú ní sofosbuvir, ọ̀kan lára àwọn oògùn oníhóró náà, torí kíndìnrín ló ń kó èérún rẹ̀ jáde. Ní 2019 ni Amẹ́ríkà yí ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn oògùn kan tí sofosbuvir wà nínú wọn padà kí àwọn tó ń ṣe dàyálísíìsì náà lè lò wọ́n. Oògùn yìí kì í bi ènìyàn ní lẹ́tà. Owó ló ń bi, àwọn ọmọ Bàbá sì sáré oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó rí i dá jọ.

Bàbá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lo èyí tó gbẹ̀yìn, a óò tún dúró fún ọ̀sẹ̀ 12 kí wọ́n tó wá kòkòrò náà kẹ́yìn.

Ibì kan wà nínú ohun tí mo kà tí mo pa fóònù sí lóru ọjọ́ náà. Kò sí àjẹsára fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C. Ẹni tó lo oògùn tó sàn lè tún kó o. Ẹni tí ara rẹ̀ lé e fúnra rẹ̀ náà lè tún kó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ lè tètè lé ìkejì. Ijó tí Màmá jó yẹn, Ọjọ́bọ̀ kan tí iná bá tún ṣẹ́jú lè gbà á padà.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá

Mo ra páálí ìbọ̀wọ́ kan ní Ìgbọ̀nà, ọgọ́rùn-ún ẹyọ. Mo gbé e sórí àpótí kékeré tó wà láàárín àga Màmá àti ti Bàbá, mi ò sọ nǹkan kan. Ìyá Tíṣà jókòó lẹ́yìn ọkọ wọn, wọ́n ń bó ọsàn. Wọ́n fún mi ní ẹ̀là kan.

Ní aago méjì kọjá díẹ̀, ẹ̀rọ Màmá han. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ń kọ nǹkan sínú fáìlì ẹnìkan lódìkejì, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bọ̀ tọwọ́tọwọ́.

Mo ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìbọ̀wọ́ tuntun wà níbí."

Ó dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo mi, ó wo páálí. Ẹ̀rọ ń han. Ó bọ́ ti ọwọ́ rẹ̀ jù sínú garawa, ó fi oògùn apakòkòrò pa ọwọ́, ó fa méjì yọ nínú páálí, ó wọ̀ wọ́n, ó tẹ bọ́tìnnì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi lọ. Nígbà tó ń fa abẹ́rẹ́ Màmá yọ, mo rí i tí Màmá di etí àga mú.

Ìyá Tíṣà rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n wo páálí náà, wọ́n wá wò mí pẹ́, ọsàn wà lọ́wọ́ wọn. Mo sá ojú fún wọn.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà sílé, Màmá kò fọhùn títí a fi kọjá Ọ̀láìyá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n tẹ òwú tó wà lápá wọn, wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Wọ́n ní, "Apá mi ni wọ́n ń gún, kì í ṣe tìẹ."

Mo ní, "Mo mọ̀, mà."

"Lọ́jọ́ Ajé, tó bá wá kiri iṣan mi, ìwọ lo máa bá mi mú un."